Ìyá Láàárín Ọmọ Méjì: Ipò Ojúọlá nínú The Gods Are Not to Blame

Iṣẹ́ wa nínú bébà yìí ni láti wo ipò ìyá nínú eré-oníṣe Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1971. A mọ̀ pé eré Sophocles, ará Gíríìkì, nípa ọba Oedipus ni òǹkọ̀wé náà wọ aṣọ Yorùbá fún. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ máa ń béèrè ni pé: ṣé kádàrá ni ó ba Ọdẹ́wálé jẹ́ ni, àbí ìbínú rẹ̀? Lójú tiwa, ìbéèrè yìí fi Ojúọlá sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nínú eré Sophocles, Jocasta fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọmọ fún darandaran pé kí ó lọ pa á. Rótìmí yí èyí padà. Abọrẹ̀ Ògún ni ó fi owó ẹyọ di ọmọ náà lẹ́sẹ̀, Gbọ̀nńkáà ni a ní kí ó gbé e lọ sí igbó. Ẹkún nìkan ni ìyá rí sun. Yorùbá ní òrìṣà bí ìyá kò sí. Ṣùgbọ́n ní ààfin Kútùjẹ, nígbà tí òrìṣà sọ̀rọ̀ tán, kò sí ẹni tí ó bi ìyá léèrè ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí ni a bí Adérọ́pò. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe lásán: ẹni tí a fi rọ́pò ẹlòmíràn ni. Àmọ́ ẹni tí a rọ́pò kò kú. Ó padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọba àti ọkọ. Ọmọ méjì wá di ti Ojúọlá lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì mọ̀ lọ́mọ. Ní ti Sophocles, Creon, arákùnrin Jocasta, ni ọba fura sí. Rótìmí sọ ẹni náà di ọmọ ayaba. Nítorí náà, nígbà tí Ọdẹ́wálé fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Adérọ́pò, a rò pé ìjà ọkọ ìyá àti ọmọ aya ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjà ọmọ ìyá méjì ni. Nígbà tí Ojúọlá bá sì ń tu ọba nínú, ọ̀rọ̀ aya ni ó ń sọ, iṣẹ́ ìyá ni ó ń ṣe.

A lè jiyàn pé Ojúọlá kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú eré náà. Òótọ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀. Ní ìparí, Ọdẹ́wálé ní kí a má dá òrìṣà lẹ́bi, ó gba ẹ̀bi sí ọrùn ara rẹ̀. Ojúọlá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Èrò wa ni pé bí a óò bá pín ẹ̀bi, ọjọ́ tí a gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ, tí a kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.