Lórí Ọ̀rọ̀ *teŋri àti Fáwẹ́lì Tí Kò Sí Lára Òkúta

Ó ti di àṣà àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè láti kọ *teŋri, ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn èdè Turkic fi ń pe sánmà àti Ọlọ́run, bí ẹni pé a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn baba ńlá fúnra wọn. Àmì ìràwọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ń wí fún wa pé àbá àwọn onímọ̀ èdè ni. Ṣùgbọ́n òǹkàwé mélòó ni ó ń wo ìràwọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo òkúta. Ní àfonífojì Orkhon, ní ilẹ̀ Mòǹgólíà, ni òkúta ìrántí Kül Tigin wà, èyí tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 732. Vilhelm Thomsen, ará Dẹ́ńmáàkì, ni ó tú àṣírí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1893. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí: t, ŋ, r, i. Fáwẹ́lì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀. Àwa tí a mọ bí igba, igbá àti ìgbà ti ń dàrú mọ́ra nígbà tí akọ̀wé bá kọ̀ láti fi àmì ohùn sí i, a kò ní í fi akọ̀wé òkúta náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sì fi wá sílẹ̀ lófìfo. Oríṣi t méjì àti r méjì ni ó ní, ọ̀kan fún fáwẹ́lì iwájú, ọ̀kan fún ti ẹ̀yìn. Ti iwájú ni ó lò. Èyí jẹ́rìí fún Orkhon ní ọ̀rúndún kẹjọ, kò jẹ́rìí fún ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí àwọn ọmọ ọ̀rọ̀ náà kò fohùn ṣọ̀kan. Kazakh ń wí pé täŋir, Mòǹgólíà sì ń wí pé tenger, pẹ̀lú fáwẹ́lì iwájú. Ṣùgbọ́n tanrı ni ti Tọ́kì, taŋara ni ti Yakut ní Sàìbéríà, tură sì ni ti Chuvash lẹ́bàá odò Volga. Ti ẹ̀yìn ni gbogbo wọn. Chuvash ti yà kúrò lára àwọn ìyókù láti ìgbà láéláé, Yakut sì jìnnà réré sí i. Bí irú àwọn ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ bá bá Tọ́kì lọ, ó tọ́ kí a tẹ *taŋrı sí ẹ̀gbẹ́ *teŋri, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe.

Àkọtọ́ tún lè tàn wá jẹ. Lẹ́tà Lárúbáwá tí Tọ́kì ń lò tẹ́lẹ̀ fi káàfù dúró fún ŋ. Álífábẹ́ẹ̀tì ọdún 1928 kò ní àmì fún un, n lásán ni a ń kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará oko kan ní Anatolia ṣì ń pe ìró àtijọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà sì ni ìjọba Tọ́kì pàṣẹ kí àwọn ládánì fi rọ́pò Allah nínú ìpè ìrun, láti ọdún 1932 títí di 1950.

Ní ti orírun rẹ̀, ìwé Han Shu ti Ṣáínà sọ pé chengli ni àwọn Xiongnu ń pe ọ̀run. Stefan Georg dá a lábàá ní ọdún 2001 pé láti inú àwọn èdè Yenisei ni a ti yá a, lára ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "gíga". Àbá tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni, nítorí pé ó fi aládùúgbò hàn wá. Èyí tí ó so ó mọ́ dingir ti Sumer kò fi ẹnikẹ́ni hàn wá. Ìjọra lásán ni, pẹ̀lú ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ láàrin àkọsílẹ̀ méjèèjì.