Igi Wo Nìyí? Ìrìn Kan ní Ọgbà Àgodi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí pé mo máa ń sọ ní kíláàsì pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè dáadáa, kó pa ìwé dé, kó gba ọjà lọ. Ọjà ni mo ń tẹnu mọ́ nígbà náà. N kò mẹ́nu kan ọgbà rárá. Àṣìṣe mi nìyẹn, ọmọọmọ mi ló sì fi hàn mí.

Sátidé tó kọjá ni èmi àti ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ rìn ní Ọgbà Àgodi, n'Íbàdàn níbí. Dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí orúnkún mi. Eré ló bá débẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn yóò rántí pé ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, tòun ti ẹranko tòun ti igi, àti pé omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 gbá a lọ. Ó pẹ́ kí ìjọba tó padà tún un ṣe. Lóde òní, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń ṣe ọjọ́ìbí, ibẹ̀ ni ìyàwó tuntun ń ya fọ́tò. Ó dùn-ún wò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. N kò bá ẹwà rẹ̀ jà.

À ń lọ lẹ́bàá omi ni ọmọ náà bá dúró sídìí igi kan tó yọ òdòdó pupa fòò. Ó ní, "Bàbá àgbà, igi wo nìyí?"

Mo ní, "Igi ni."

Ó wò mí lójú. "Mo mọ̀ pé igi ni, sà. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń bèèrè."

Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ èèyàn ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo lè ṣàlàyé fún un ìdí tí ará Ìjẹ̀ṣà fi ń pe ilé ní ulé. Mo lè sọ bí ohùn ṣe ń rìn nínú gbólóhùn. Orúkọ igi tó wà níwájú mi, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa nígbà tí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ nítòsí kó mi yọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Orúrù ni wọ́n ń pè é. Tá a bá rí èyí tí kò tíì là yìí nígbà tá a wà lọ́mọdé, omi inú ẹ̀ la máa ń fún síra wa lójú." Ó já ọ̀kan, ó fún un, omi ta sí ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó pariwo, ó rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì, orúrù ló ń wí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ọgbà nìyẹn o, kì í ṣe lórí Àgodi nìkan. Bí a ṣe ń ṣe ọgbà nílẹ̀ wa, bíi ibi ìjókòó àti ibi oúnjẹ la ṣe ń rò ó. Tá a bá la ọ̀nà ìrìn sínú ẹ̀, a máa ń rò pé iṣẹ́ parí tí ọ̀nà náà bá ti tẹ́jú. Èmi rò pé ojú ìwé ni ọ̀nà ìrìn. Ẹni tó ń rìn níbẹ̀ ń kà á, tí kò bá sì sí nǹkan tí a kọ síbẹ̀, òfìfo ló ń kà.

Kíkọ nìkan kọ́, ká kọ ọ́ dáadáa. Ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí pátákó kan tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: E MA RIN LORI KORIKO. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń wí pé ẹ má rìn. Ìdajì àwa tí à ń kọjá kà á sí ẹ máa rìn, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í kọ fáwẹ̀lì kejì "máa" mọ́. Mo rìn lórí koríko náà. Nígbà tí ọlọ́dẹ dé tó ní kí n bọ́ sílẹ̀, mo ní kó ka pátákó ọ̀gá rẹ̀ sókè fún mi. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní àmì ohùn jẹ́ ìyọnu lásán, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀ o.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí a lè fi kún ọ̀nà ìrìn Àgodi, pátákó kékeré nídìí igi ni n ó kọ́kọ́ wí. Ọgbọ̀n igi tó. Orúkọ Yorùbá ni kó ṣáájú, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí orúkọ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ lé e. Kí gbólóhùn kan péré sì sọ ohun tí àwa ń fi igi náà ṣe. Kí ọmọdé mọ̀ pé ewé akòko yìí ni wọ́n ń fi sórí ẹni tó ń joyè. Tó bá jẹ́ igi ọ̀sán ni, kí àmì rẹ̀ pé, kí àlejò má rò pé ọsàn ni, nítorí èso tí ará Èkó ń pè ní agbálùmọ̀ ni ọ̀sán n'Íbàdàn. Kí wọ́n kọ méjèèjì, jàre. Ẹ̀ka-èdè kì í bá ara wọn jà lórí pátákó.

Ta ló máa sọ orúkọ náà? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ti rí tèmi. Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ọjà ni kí wọ́n pè, àti àwọn àgbààgbà tó ń gé pákó, àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn. Kí wọ́n san owó fún wọn bí wọ́n ṣe ń san fún èmi àti ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bá pè wá sí ìpàdé.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òkèèrè kò sọ àwọn orúkọ wọ̀nyí nù. Iroko, afara, opepe: orúkọ tí àwọn oníṣòwò pákó ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù nìwọ̀nyí, àmì ohùn nìkan ni wọ́n gé kúrò. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà kò bá ìrókò níbẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní gameleira ni wọ́n fún ní ipò ìrókò, tí wọ́n ń wé aṣọ funfun mọ́. Ní Kúbà, ceiba, tó jẹ́ àràbà tiwa, ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ ni wọ́n gbé ré òkun kọjá, wọ́n wá igi fún un. Igi ló wà lọ́wọ́ tèmi ní Àgodi, mo sì ń wá orúkọ kiri.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ọ̀nà náà ńkọ́? Ẹ wo Òkè Àrẹ. Ilé gogoro tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1936 láti fi ṣèrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, Bower's Tower ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ará Ìbàdàn gun àtẹ̀gùn inú rẹ̀, wọ́n rí i pé yíyí ló ń yí po títí dókè, wọ́n bá pè é ní Láyípo. Ẹsẹ̀ ló sọ ibẹ̀ lórúkọ. Kí ìjọba má tètè fi orúkọ olóṣèlú sọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọgbà. Kí wọ́n fetí sí ohun tí àwọn tó ń rìn níbẹ̀ ń pe ibẹ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá kọ ọ́.

Ohun kan tún wà létí omi. Odò Ògùnpa ni adágún yẹn, òun náà ló ṣe ohun tó ṣe lọ́dún 1980. Mo fẹ́ kí wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n fa ìlà sí ibi tí omi dé, kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sí i. Kí ó ga ju ọmọdé lọ tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ga. Ẹni tó bá dúró sídìí òpó yẹn kò tún ní da ìdọ̀tí sí gọ́tà lọ́kàn balẹ̀. Àwọn tó rí omíyalé náà ṣì wà láàyè, wọ́n sì lè tọ́ka sí ibi tí ìlà yẹ kó wà, àmọ́ wọn kò ní wà títí.

Ìjókòó ni tèmi tó kù, ìjókòó tó ní ìfẹ̀yìntì, lábẹ́ ìbòòji, kó má jìnnà síra wọn. Àgbàlagbà kò lè máa ka igi lórí ìdúró. Kí ọjọ́ kan sì wà lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ wọn.

Ọmọọmọ mi ti ra ìwé àjákọ tuntun. Igi mọ́kànlá ló ti kọ sínú rẹ̀, ó fi àmì ohùn sí gbogbo wọn, mo sì ṣàtúnṣe méjì péré. Ẹ̀ẹ̀kejìlá ló ń dà wá láàmú. Ẹ̀gbẹ́ omi ló wà, ewé rẹ̀ dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì, etí ewé náà kò ní eyín, tá a bá sì fọwọ́ run ún, ó ń rùn bí aáyù. Ewé kan wà láàárín ìwé lórí tábìlì mi báyìí. Ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ fún mi kó tó di Sátidé.