Ègbè Kan Náà, Ìgbà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí Sáàmù tó máa ń sú mi nínú ìsìn bíi 136. Ẹsẹ 26 ni, ègbè kan náà ló sì parí gbogbo wọn. Olùdarí ìsìn á ka apá kan, àwa ìjọ á dá a lóhùn. Kí a tó dé ìdajì, ọ̀fun mi ti gbẹ, ojú mi sì ti wà lára iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ fún ìkórè. Mo máa ń rò ó pé, kí ló dé tí akéwì náà kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sinmi? Bí àwa bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì nínú àròkọ, bírò pupa ni olùkọ́ wa fi ń dáhùn.

Mo ti yí èrò mi padà. Lójú tèmi báyìí, kò sí ewì nínú Bíbélì tó mọ ọpẹ́ dá tó o. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kà á lọ́dọọdún ní Òkìtìpupa àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a kì í sábà dúpẹ́ bó ṣe kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Orin Dáfídì ni Bíbélì Yorùbá pe gbogbo ìwé náà, àmọ́ kò sí ohun tó wà lókè Sáàmù yìí tó sọ pé Dáfídì ló kọ ọ́. Ohun tí etí Yorùbá kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀ ni lílé àti ègbè: ẹnì kan ń lé, ọ̀pọ̀ ń gbè. Ohun kejì ni oríkì. Láti ẹsẹ 4 lọ, a kò pe Ọlọ́run lórúkọ mọ́ títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fi ń kì í, ẹni tó ṣe èyí, ẹni tó ṣe tọ̀hún, bí a ti ń ki ọba tàbí ìdílé. Ọ̀run, ilẹ̀ tó tẹ́ sórí omi, oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀. Ibi òṣùpá yẹn kò ṣòro yé wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ìjọba fi kúrò ní Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ọmọ tó bá dàgbà nínú ọdún wọ̀nyẹn mọ ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn tó lówó, ó sì mọ òṣùpá.

Ẹ tún wá ẹ̀bẹ̀ nínú ẹsẹ 26 náà. Ẹ kò ní rí ẹyọ kan. Ìgbà tí mo ṣàkíyèsí èyí ni Sáàmù náà kọ́kọ́ dá mi dúró, nítorí òwe tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òwe náà dára fún ọmọ tó ń kọ́ ìwà, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni ó sọ ọpẹ́ dà. Ọ̀pọ̀ ìdúpẹ́ tí mo ń gbọ́ nínú ìjọ ló sì rìn ní ọ̀nà òwe yìí: ẹnu tó ń dúpẹ́ ọkọ̀ kò tíì pa dé tó fi ń tọrọ ilé. Sáàmù 136 dúpẹ́ tán, ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé ègbè náà ró ní èdè Hébérù ni hesed. Nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, "àánú" ni a rí. Ẹni tó bá fẹ́ bá Crowther jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó yáa di àmùrè rẹ̀ le. Síbẹ̀ mo ní ẹ̀sùn kan. Nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, olówó ló ń ṣàánú alágbe, adájọ́ ló ń ṣàánú ọ̀daràn. Ó lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la, kò sì sí ẹni tó lè bi í pé èé ṣe. Hesed kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ẹni tó ti bá ọ dá májẹ̀mú ni, tí kò sì ní sẹ́ ọ, ìbáà jẹ́ pé ìwọ ti sẹ́ ẹ. Àwọn tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí ìfẹ́ tí kì í yẹ̀ súnmọ́ ọn jù. Ó kàn jẹ́ pé ó gùn díẹ̀ lẹ́nu, ègbè tí ènìyàn máa dá nígbà 26 kò sì gbọdọ̀ gùn. Mo sì rántí irú ẹni tí Crowther jẹ́: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé atúmọ̀ èdè kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan dúró títí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nínú Sáàmù yìí ni ẹsẹ 10 sí 20. Ọlọ́run pa àkọ́bí àwọn ará Íjíbítì, ègbè. Ó bi Fáráò àti ogun rẹ̀ ṣubú sínú Òkun Pupa, ègbè. Ó pa Síhónì, ó pa Ógù, ègbè, ègbè. Ìyá kan wà ní Íjíbítì tí kò lè gbe orin yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí i.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ lójú mi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè níhìn-ín ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ènìyàn tó lé ní 15 kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí a fọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, ó di òkú. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol, èyí tó jẹ́ májèlé fún ara, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rí ọkùnrin kan nínú ìsìn. Ó ní wọ́n fi ife lọ òun, òun kò gbà á, Ọlọ́run ló fẹ́ràn òun. Ìjọ hó yèè, a sì jó. Èmi náà jó. Ìgbà tí mo délé ni mo bi ara mi pé, ẹni tó gba ife náà ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ràn òun ni?

N kò lè sọ pé Sáàmù 136 dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí ẹ̀rí wa kì í ṣe. Kò sí "èmi" nínú rẹ̀ rárá. Láti ẹsẹ 11, "wọn" ni ó ń wí, Ísírẹ́lì àtijọ́. Nígbà tó dé ẹsẹ 23, láìkìlọ̀, ó di "wa": Ọlọ́run rántí wa nígbà tí a wà nílẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ìrántí ti jẹyọ nínú gbogbo ewì tí a rò pé àwa la fi ń rántí, Ọlọ́run ló sì rántí. Ní ẹsẹ 25, "wa" náà tún fẹ̀ sí i, ó di gbogbo ohun tó ní ara, tí Ọlọ́run ń fún lóúnjẹ. Àwọn ọmọ tó kù ní Íjíbítì wà níbẹ̀. Àwọn ará Síhónì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ogun yẹn, oúnjẹ ni iṣẹ́ tí akéwì fi ṣe ìkẹyìn, bí ìgbà tí ènìyàn to gbogbo oore Ọlọ́run tán, tó wá gbé púpurú sórí wọn.

Ìwé Ẹ́sírà orí 3 sọ ìgbà tí wọ́n kọ ègbè yìí nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ḿpìlì kejì lélẹ̀. Àwọn èwe ń hó ìhó ayọ̀, àwọn àgbà tó mọ tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ ń sunkún kíkorò, kò sì sí ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì. Kò sí ẹni tó ní kí àwọn àgbà náà dákẹ́.

Ní ìkórè kan láìpẹ́ yìí, ìsìn ti pẹ́, ẹni tó ń darí sì ní ká fi ègbè náà sílẹ̀ láti ẹsẹ 10, òun á dá kà á lọ. Ó ń kà á kíákíá: ó pa, ó bì ṣubú, ó pa, ó pa. Láìsí ègbè, bí ìròyìn ogun lórí rédíò ló rí. Nígbà tó dé ẹsẹ 23, ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi gbàgbé àṣẹ rẹ̀, tàbí kó máà gbàgbé, ó gbè é lóun nìkan. Ní ẹsẹ 24, àwa bíi mẹ́wàá ni. Ní ẹsẹ 25, gbogbo ilé ló gbè é, ẹni tó ń kàwé sì dúró dè wá kó tó ka èyí tó kẹ́yìn.