Ta ló fún ni, ta ló gbà? Àríwísí lórí ‘olùpèsè iṣẹ́ àbójútó’ nínú ìwé àdéhùn kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Daagbé wà lábẹ́ Ifangni, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin. Kò jìnnà sí ẹnubodè Igolo, tó kọjú sí Ìdíìrókò ní Nàìjíríà. Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó àti èdè Gùn ni à ń gbọ́ lọ́jà níbẹ̀. Faransé ni èdè ìwé ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì sì ń bá ọjà gba ẹnubodè wọlé. Ní Daagbé ni wọ́n ti gbé àdàkọ ìwé àdéhùn kan fún mi pé kí n yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Ìyá àgbà kan tó ń ṣòwò epo pupa ló fẹ́ kó ìwé owó àti orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ìkùukùu, kí ilé-iṣẹ́ kan sì máa bá a mójú tó wọn. ‘Olùpèsè iṣẹ́ àbójútó’ ni ìwé náà pe ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Mo kà á fún wọn. Ìyá dá mi dúró: “Ọmọ mi, kí ló pèsè? Ṣebí ẹrù mi ni mo fẹ́ kó fún un.”

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àríwísí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ìbéèrè ìyá yẹn, ó sì tọ̀nà. Orúkọ tí ìwé náà lò yí ẹni tó gbà padà di ẹni tó fún ni.

2. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí

Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni ẹni tó ni dátà. Èkejì ni ẹni tó ni àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń fi háyà. Láti ọdún 2006 ni Amazon ti ń ṣe èyí. Ẹ̀kẹta ni ilé-iṣẹ́ tó ń dúró láàárín: òun ló ń ṣọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ tọ̀sán-tòru, tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, tó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé, tó sì ń ṣírò owó tí a ń jẹ ẹni kejì. Ẹ̀kẹta yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní managed service provider. Faransé ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní infogérance.

Àwọn èdè méjèèjì kò fi ojú kan náà wò ó. Gérance ni ṣíṣàkóso ohun olóhun. Ẹni tó bá gbé Benin mọ gérant: ẹni tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù mójú tó ṣọ́ọ̀bù, tàbí tó ń bá ẹlòmíràn ta ọtí ní ilé ọtí rẹ̀. Bí a bá ti dárúkọ gérant, a mọ̀ pé olóhun wà níbì kan. Provider ti Gẹ̀ẹ́sì kò rántí olóhun rárá.

3. Àṣìṣe atúmọ̀

Atúmọ̀ tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ-ẹyọ ọ̀rọ̀: olùpèsè, iṣẹ́, àbójútó. Àléébù méjì ló tìdí rẹ̀ yọ.

Àkọ́kọ́, ‘pèsè iṣẹ́’ ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu wa. Bí a bá ní ìjọba ń pèsè iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ là ń wí. Nítorí náà, etí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí yóò gbọ́ ‘olùpèsè iṣẹ́ àbójútó’ bí ẹni tó ń gba àwọn alábòójútó síṣẹ́.

Èkejì ló wúwo jù. Nínú ‘pèsè’, ọwọ́ olùṣe ni ohun tí à ń sọ ti ń jáde wá: onílé ló ń pèsè oúnjẹ fún àlejò. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn yìí, ọwọ́ oníbàárà ni dátà ti jáde, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ló sì bọ́ sí. Ohun tí ìyá béèrè nìyẹn.

4. Ìdílé ‘gbà’

Yorùbá ti ní irinṣẹ́ tí a fi ń sọ irú ìbáṣepọ̀ yìí. A ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbà’, a ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tẹ̀ lé e, a ó fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘à-’ sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, a ó sì wá fi ‘oní-’ ṣíwájú: alágbàfọ̀, alágbàtọ́, alágbàsìn, alágbàwí, alágbàṣe, alágbàtà. Ẹni tó gbọ́ alágbàfọ̀ mọ̀ pé aṣọ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́ alágbàtọ́ mọ̀ pé ọmọ ní òbí níbòmíràn. Olóhun wà nínú ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀.

Alágbàbójútó ni mo dá lábàá. Ó tún ní àǹfààní kan ní ẹnubodè: nínú àkọtọ́ Benin, ‘olùkpèsè ishɛ́’ ni a ó kọ, ṣùgbọ́n ‘alágbàbójútó’ kò yí padà ní ìhà kejì, nítorí kò ní p, ṣ, ẹ tàbí ọ nínú.

Àwọn kan lè sọ pé alágbàṣe ti tó. Kò tó. Alágbàṣe ro oko, ó gba owó, ó lọ. Kò sí ohun olóhun lákàtà rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn lè bẹ̀rù pé a ó ṣì í gbọ́ bí ‘alàgbà’. Ohùn ìró ti yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣi alágbàfọ̀ gbọ́.

5. Ohun tó wà nínú ewu

Kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni mò ń jà fún. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń bójú tó kọ̀ǹpútà ìkùukùu, ó sì tún ń rà á láti tún un tà. Ó jẹ́ alágbàbójútó, ó sì jẹ́ alágbàtà. Bí àkáǹtì bá wà ní orúkọ rẹ̀, oníbàárà tó fẹ́ kúrò yóò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹrù rẹ̀ padà. Àdàkọ tí mo kà kò sọ orúkọ ẹni tí àkáǹtì máa wà. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní olùpèsè kò rí ìdí tí yóò fi sọ ọ́; alágbàbójútó kò lè ṣàìsọ ọ́.

Àwọn òfin wa kò da ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Code du numérique ti Benin, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ya responsable du traitement sọ́tọ̀ kúrò lára sous-traitant. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ya data controller sọ́tọ̀ kúrò lára data processor. Ìtumọ̀ Yorùbá ló pa ìyàtọ̀ náà rẹ́.

Ìbéèrè ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Côte d’Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Benin àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀. Alágbàbójútó kankan kò lè wọ inú òkun lọ so okùn. Ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn fi gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́ ẹrù rẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe ẹrù rẹ̀, ní èdè tí olóhun gbọ́.

6. Ibi tí àbá mi kù sí

Ọ̀rọ̀ mi náà ní àléébù. Bí alágbàfọ̀ bá dá aṣọ padà, kò sí aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. A lè dá dátà padà kí ẹ̀dà rẹ̀ sì kù sẹ́yìn. Ìdílé ‘gbà’ kò mọ irú ohun bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pé a ó pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́. Orúkọ rere kò lè ṣe iṣẹ́ gbólóhùn.

Nígbà tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1990, àwọn onímọ̀ ló jókòó ti àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tiwa. Àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ń ti ọwọ́ atúmọ̀ tí wọ́n ń kán lójú jáde, wọ́n sì ń bọ́ sínú ìwé tí ènìyàn ń tẹ̀ka sí. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ tuntun pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá béèrè: ọwọ́ ta ni ẹrù ti jáde, ọwọ́ ta ló sì bọ́ sí?