Ìwádìí Ti Rọrùn, Ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ Ń Sọnù

Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń lò. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Tábìlì mẹ́ta ni wọ́n tò ó sí: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ìtumọ̀, ọ̀kan fún gbólóhùn àpẹẹrẹ. Ètò yẹn dára. Àbá tí Edgar Codd ti IBM gbé jáde ní 1970 ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ká to ìsọfúnni sínú tábìlì, kí ohun tí àwọn tábìlì jọ ní so wọ́n pọ̀.

Tẹ́lẹ̀, àpótí ìwádìí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, ó ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n so tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní view. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀, ó parí. Mo kí wọn fún èyí. Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú orúkọ tábìlì?

Irú àsopọ̀ tí wọ́n lò, INNER JOIN, ni mo lòdì sí. Òfin rẹ̀ ni pé ìlà tí kò bá ní èkejì nínú tábìlì tó kù kò ní jáde. Ẹ wá *ọ̀kọ̀*, ohun ìjà ayé àtijọ́. Ó wà nínú tábìlì ọ̀rọ̀, ó ní ìtumọ̀, àmọ́ kò ní gbólóhùn àpẹẹrẹ. Èsì tí ẹ máa rí? “Kò sí irú ọ̀rọ̀ yìí.” Irọ́ gbáà ni! Àpótí àtijọ́ ì bá rí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kì í ní àpẹẹrẹ? Àwọn tí ẹnu ti ń gbàgbé ni: orúkọ ohun èlò àtijọ́, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ka èdè. Nítorí irú wọn la ṣe ń ṣe ìwé atúmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka èsì yẹn á gbà pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ náà.

LEFT JOIN ló yẹ kí wọ́n lò, kó bẹ̀rẹ̀ láti tábìlì ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ á jáde. Èyí tí kò ní àpẹẹrẹ, àyè rẹ̀ á ṣófo. Àyè tó ṣófo pàápàá wúlò: ó ń sọ fún wa ibi tí iṣẹ́ ṣì kù.

Èkejì ni àsọtúnsọ. *Ọkọ̀* ní ìtumọ̀ méjì, ti omi àti ti ilẹ̀. Bí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní àpẹẹrẹ mẹ́ta, ìlà mẹ́fà ló ń jáde, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni. Kí wọ́n kó wọn jọ sábẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọ̀rọ̀ náà, jàre.

Ẹni tó bá bá òǹwá ṣe iṣẹ́ àsopọ̀ ti gba ẹrù lé orí ara rẹ̀, torí òǹwá ò lè mọ ohun tí wọn kò fi hàn án.