"Okùn Yìí Le": Àríwísí Lórí Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́nu Àwọn Onígìtá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu Yorùbá tí ó bá gbé gìtá oníná lé itan: "Okùn yìí le." Ìdájọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ti jáde, a ó dẹ okùn, tàbí kí a sọ fún ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ pé ìka rẹ̀ ni kò tíì le tó. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí ń dá okùn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa torí rẹ̀ pa gìtá tì.

Lára ìlù, ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Bí onídùndún bá fún ọsán, awọ a le, ohùn a ròkè. Bí ó bá dẹ ọsán, ohùn a wálẹ̀. Líle àti ohùn jọ ń rìn ni. Gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí okùn gìtá ṣe gan tó: ohùn tí a fà á dé, bí ó ṣe nípọn tó, àti gígùn rẹ̀ láti ìdí orí gìtá dé irin ìsàlẹ̀ tí ó jókòó lé. Okùn kìíní tí ó nípọn ní 0.010 íǹṣì, tí a fà dé ohùn E lórí Fender tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 648, ń fa bíi kìlógíráàmù 7.3. Lórí Gibson, tí tirẹ̀ jẹ́ bíi 628, fífà náà dín ní bíi ìdá 6 nínú 100. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá yí padà, okùn kò lè gan ju ti àná lọ.

Síbẹ̀, ọwọ́ lè sọ pé ó gan. Ní Libreville níbí, létí òkun, ẹ̀rùn máa ń wà láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, kí òjò tó padà dé. Igi ọrùn gìtá a máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, a sì máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Onígìtá yóò tún okùn fà dé ohùn rẹ̀, fífà rẹ̀ yóò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn lè ti ga kúrò lórí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn. Ìka ní láti tì í jìnnà kí ó tó kan irin. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Òtítọ́ ni: iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí i lóòótọ́. Ahọ́n ni ó ṣì í pè.

Ẹni tí ó bá dẹ okùn nítorí èyí ṣe àṣìṣe méjì. Gìtá rẹ̀ kò ní bá ohùn ẹgbẹ́ mu mọ́. Bákan náà, títẹ okùn ń fà á, ohùn okùn tí ó dẹ̀ tí ó sì ga a sì máa ròkè ju bí ó ti yẹ lọ. Kò tó láti sọ ọkọ di ọkọ́, ṣùgbọ́n etí tí ó mọ ohùn kò ní gbà á. Ọ̀pá irin inú ọrùn ni a kọ́kọ́ ń yí kí ọrùn lè tọ́; lẹ́yìn náà ni a ó sọ irin ìsàlẹ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n tí Fender là kalẹ̀ fún Stratocaster jẹ́ mílímítà 1.6, láti orí irin kẹtàdínlógún dé abẹ́ okùn.

Ẹ̀rí kan wà nínú jùjú fúnra rẹ̀. Nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, Demola Adepoju ta gìtá pedal steel. Irin ni a ń fi yọ̀ lórí okùn gìtá yẹn. A kì í tẹ̀ ẹ́ kan igi. Okùn rẹ̀ ga, gíga náà kò sì ni ìka lára.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: kí á máa fi "gan" sọ ti fífà, "ga" ti gíga, "nípọn" ti ara okùn. Èdè wa ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olùkọ́ tí ó bá bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé ó gan ni, àbí ó ga?" yóò wo gìtá kí ó tó dá ìka ọmọ lẹ́bi.