Ta Ló Fi Ìtìjú Sí Orúkọ Mefiboṣeti?

Bí ìwàásù bá ti kan Mefiboṣeti, a ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà: ọmọ ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, Lodebari níbi tó fara pamọ́ sí, àti tábìlì Dáfídì níbi tó ti jẹun títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìwàásù náà dùn, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Emùré, mo máa ń gbọ́ àfikún kan. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ló bá a jà. Wọ́n ní ìtìjú wà nínú orúkọ náà, orúkọ sì ń ro ọmọ, nítorí náà kí ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ bá ní Ifá, Ògún tàbí Èṣù nínú yára pa á dà. Àfikún yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Lójú tèmi, kò bá ohun tí a kọ sínú Bíbélì mu.

Ẹ jẹ́ kí a to ìtàn náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 4 sọ pé ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn dé pé Sọ́ọ̀lù bàbá bàbá rẹ̀ àti Jónátánì bàbá rẹ̀ ti kú sógun. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ. Níbi ìkánjú yẹn ni ọmọ ti ṣubú, tó sì di arọ. Ogun ló fà á, ìjáyà ló fà á. Kò sí ibi tí a ti sọ pé orúkọ ló fà á.

Ohun kejì ni pé orúkọ tí a ń dá lẹ́bi yìí lè má jẹ́ èyí tí wọ́n sọ ọ́ rárá. Ìwé Kíróníkà Kìíní orí 8 àti orí 9 ka ìdílé Sọ́ọ̀lù lẹ́sẹẹsẹ. Níbẹ̀, Meribbaali ni orúkọ ọmọ Jónátánì, òun ló sì bí Mika. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 9 sọ pé Mefiboṣeti ló bí Mika. Ẹnìkan náà ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì gbà pé àwọn akọ̀wé tó ń da ìwé náà kọ ló yọ Báálì kúrò nínú orúkọ rẹ̀, nítorí pé wọn kò fẹ́ pe òrìṣà àwọn ará Kénáánì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìtìjú lédè Hébérù rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Eṣbaali ọmọ Sọ́ọ̀lù ṣe di Iṣboṣeti. Kódà ọ̀rọ̀ náà dé ilé Dáfídì: ọmọ rẹ̀ kan ń jẹ́ Eliada nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 5, ó sì ń jẹ́ Beeliada nínú Kíróníkà Kìíní orí 14. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní rántí Fábùnmi tó di Olúbùnmi, tàbí Ògúnwálé tó di Olúwálé?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, lédè Hébérù, báálì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ fún olúwa, ọkọ, tàbí ẹni tó ni nǹkan. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kan rò pé Ọlọ́run Ísírẹ́lì gan-an ni ìdílé Sọ́ọ̀lù ń fi ọ̀rọ̀ náà pè.

Bí ó bá rí báyìí, ìwàásù tí mo ń sọ yìí ti dojú rú. Ọwọ́ akọ̀wé ni ìtìjú ti wọ orúkọ náà, nígbà tí ẹni tó ni ín ti kú. Báwo ni orúkọ tí a fún ènìyàn lẹ́yìn ikú rẹ̀ ṣe lè rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5?

Ìwà rẹ̀ náà kò fara jọ ìtìjú. Nígbà tí Ábúsálómù lé Dáfídì kúrò ní Jerúsálẹ́mù, Síbà ìránṣẹ́ lọ sọ fún ọba pé Mefiboṣeti dúró sílé, ó ń retí àtijọba. Ọba kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì. Lójú ẹsẹ̀ ló fi gbogbo ilẹ̀ arọ náà fún Síbà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí ọba padà, Mefiboṣeti wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n tí kò gẹ̀ àti aṣọ tí kò fọ̀ láti ọjọ́ tí ọba ti lọ. Ó ṣàlàyé pé Síbà tan òun jẹ. Ọba ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà. Ó fèsì pé kí Síbà kó gbogbo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọba ti dé ní àlàáfíà. Bí ìtìjú bá wà nínú ìtàn yìí, Síbà ló ni ín, díẹ̀ sì kan ọba. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń fò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Fá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa. Babaláwo ni bàbá bàbá mi. Díákónì ni bàbá mi. Bàbá mi fẹ́ kí a pa orúkọ náà dà kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí pé èyí tó bá wọ ìwé ẹ̀rí náà ni yóò bá mi dé yunifásítì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ yẹn lọ́jà, àwọn ìyá àgbà á ní, “Ìwọ ọmọ agboolé báyìí,” wọ́n á sì máa kì mí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wá pa orúkọ dà, ilé wo la wò?

N kò sọ pé ó burú kí ènìyàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ábúrámù di Ábúráhámù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni Ọlọ́run bá sọ ọ́, ó sì gbà. Àgbàlagbà tó gba ẹ̀sìn tuntun ní ẹ̀tọ́ kan náà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a máa dẹ́rù ba ọmọ pé ègún wà lára orúkọ bàbá rẹ̀. Apollo tó ń wàásù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 ń jẹ́ orúkọ tó ti ara òrìṣà àwọn Gíríìkì wá, a kò sì kà á pé ẹnikẹ́ni ní kó pa á dà. Káyọ̀dé Fáyẹmí àti Ayọ̀délé Fáyóṣe ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì-méjì; Kristẹni ni àwọn méjèèjì. Mùsùlùmí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ẹni tó wà nídìí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fá inú orúkọ wọn kò dí wọn lọ́nà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin oníwàásù pé bí ẹ bá ti ka Sámúẹ́lì Kejì fún wa tán, ẹ ṣí Kíróníkà Kìíní pẹ̀lú. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò fẹ́ràn òrìṣà rárá. Síbẹ̀, nígbà tó ń ka ìdílé Sọ́ọ̀lù, ó kọ Meribbaali sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò sì fi ìtìjú kankan sí i.